Díṣì yín ń já sígínà? Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe fúnra yín ní Àbújá àti Òkè Ọya

Bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, àwòrán ń gé kélekèle, ohùn ń kólòlò, kò pẹ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ṣú, àmì àṣìṣe E48-32 sì jáde. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé ẹnì kan nínú ilé á gun òkè lọ, á di díṣì mú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ẹnì kejì á máa pariwo láti pálọ̀: "Ó ti ń bọ̀! Ó ti lọ! Dá a padà!" Ibi tí yóò dá a padà sí ni kò mọ̀ mọ́. Sígínà tó ń wá tó ń lọ tẹ́lẹ̀ ti wá lọ tán pátápátá, ó di kí wọ́n pe oníṣẹ́.

Díṣì tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti èṣí kì í dédé gbàgbé ibi tó ń wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, waya ló bàjẹ́, tàbí kí omi ti wọ kọnẹ́kítọ̀, tàbí kí LNB (ẹ̀rọ kékeré orí apá díṣì tó ń gba sígínà) ti gbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fi yíyí díṣì sí ẹ̀yìn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò.

Nọ́ńbà DStv ni mo lò, torí òun ló pọ̀ jù lórí òrùlé wa. Sátẹ́láìtì tó ń gbé e wá sí Nàìjíríà wà ní 36° ìlà-oòrùn. Bí ti ilé-iṣẹ́ míì lẹ bá ń lò, ẹ béèrè dígíríì tí sátẹ́láìtì tiwọn wà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tó kù ò yàtọ̀. Ẹni tó ń lo GOtv ò ní ohunkóhun ṣe níbí: áńtẹ́nà ló ń lò, orí ilẹ̀ níbí ni sígínà tirẹ̀ ti ń wá.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Sípánà 10 àti 13. Àwọn ni wọ́n sábà máa ń bá nọ́ọ̀tì díṣì mu.
- Abẹ tó mú, páláyà, àti máákà tí omi ò lè fọ̀.
- Kọnẹ́kítọ̀ F tuntun (irin kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu waya díṣì), ó kéré tán mẹ́rin. Kò wọ́n, ẹ má ṣun ún.
- Waya RG6 tó gùn tó láti orí òrùlé dé ìdí dẹ́kódà, bó bá di pé kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.
- Téèpù rọ́bà, irú èyí tí ẹ máa ń fà kí ó tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Téèpù dúdú àwọn oníná ò tó. Oòrùn Òkè Ọya á yọ́ gọ́ọ̀mù ìdí rẹ̀ dànù láàárín oṣù díẹ̀.
- Fóònù tó ní kọ́ńpáàsì.
- Okùn tín-ín-rín méjì, aṣọ rírọ̀, omi ọṣẹ.
- Àkàbà tí kò mì, àti ẹnì kan tó máa dì í mú nísàlẹ̀.
- Ẹnì kan ní pálọ̀ tó mọ nọ́ńbà kà.

Ẹ má gun òkè bí ojú ọ̀run bá ṣú, bí páànù bá tutù, tàbí bí waya iná bá kọjá nítòsí òpó díṣì. Bí òrùlé yín bá ga ju ilé ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo lọ, oníṣẹ́ ni kí ẹ fún un. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ò tó owó ilé ìwòsàn.

Nọ́ńbà méjì, ọ̀kan ló ṣe pàtàkì

Ẹ lọ sí ibi tí dẹ́kódà ti ń fi sígínà hàn, nípasẹ̀ bọ́tìnnì Help tàbí inú Menu. Ẹ máa rí ìlà méjì: Signal Strength àti Signal Quality. Ojú gbogbo èèyàn máa ń wà lára ti àkọ́kọ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣìnà.

Strength ń sọ bí ohun tó ń gba inú waya wọlé ṣe pọ̀ tó, ariwo pẹ̀lú sígínà, gbogbo rẹ̀ ló kà papọ̀. Quality ń sọ bí dẹ́kódà ṣe lè yọ ohun tó ń wá nínú ariwo yẹn. Díṣì tó ń wo sátẹ́láìtì ẹlòmíì lè ní Strength 80 kí Quality rẹ̀ sì jẹ́ 0. Quality ló ń gbé àwòrán wá. Láti ibí lọ, tí mo bá sọ pé "nọ́ńbà", Quality ni mò ń sọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ kọ aago tí ẹ wò ó àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Ẹ má fi ti aládùúgbò díwọ̀n tiyín bí dẹ́kódà yín bá yàtọ̀ síra, torí olúkúlùkù ló ní bó ṣe ń ka tirẹ̀. Tiyín àná ni kí ẹ fi wé tiyín òní.

Àwọn tó ń ta búsítà ní ọjà máa sọ fún yín pé òun ni òògùn rẹ̀. Búsítà ń gbé sígínà ga, ó sì ń gbé ariwo ga pẹ̀lú ẹ̀. Strength á fò sókè, Quality á jókòó síbi tó wà. Ibi kan ṣoṣo tó ti wúlò ni ibi tí waya ti gùn gan-an láti díṣì dé dẹ́kódà, bíi ti àwọn tó gbé díṣì sórí ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n ń gbé nísàlẹ̀. Àwa yòókù, ká fi owó yẹn ra waya tó dára.

Ìpele 1: Ṣé sígínà ni lóòótọ́?

Bí E16-4 ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ọ̀rọ̀ owó oṣù nìyẹn. Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ lọ ṣe lórí òrùlé. E48-32 ló túmọ̀ sí pé dẹ́kódà ń wá sígínà kò rí i.

Ẹ wá wo ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀, torí ìgbà yẹn ló ń fi ẹlẹ́bi hàn. Bó bá jẹ́ ìgbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ ni, nọ́ọ̀tì ló ti tú tàbí òpó ló ń mì. Bó bá jẹ́ ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn mú, tó sì ń padà wá lálẹ́, LNB ti ń kú lọ tàbí kí kọnẹ́kítọ̀ má rọ̀ mọ́ra dáadáa. Bó bá jẹ́ òjò nìkan, títí kan òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, díṣì yín lè máa wo ẹ̀gbẹ́ sátẹ́láìtì dípò àárín rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọn ìkànnì kan wà, àwọn kan ò sí rárá, ẹ fọkàn sí ìpele 7 àti waya. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere, waya tàbí LNB ni, kì í ṣe ibi tí díṣì kọjú sí.

Bí ẹ bá ń gbé ilé olójúlé púpọ̀ tí gbogbo ayálégbé ń lo díṣì kan, ẹ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín kí ẹ tó gun òkè. Bí tiwọn bá ń ṣiṣẹ́, àárín pálọ̀ yín sí ibi tí wọ́n ti pín waya ni ẹ ti máa rí i.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ti lè sọ ní gbólóhùn kan ìgbà tí sígínà ń lọ àti irú bó ṣe ń lọ. Bí ẹ ò bá tíì lè sọ ọ́, ẹ wò ó fún ọjọ́ kan sí i.

Ìpele 2: Waya àti kọnẹ́kítọ̀

Ibí ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí wà. Ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ẹ kọ́kọ́ yọ dẹ́kódà kúrò nínú iná. Kì í ṣe pé kí ẹ fi rìmóòtù pa á o. Ẹ yọ ọ́ lára ògiri. Dẹ́kódà ló ń fi waya yẹn gbé iná 13 tàbí 18 volt lọ fún LNB. Bí ẹ bá ń gé waya tí iná wà nínú rẹ̀, tí irun waya kan (okùn irin tín-ín-rín tó yí inú waya ká) bá kan irin àárín, dẹ́kódà lè kú síbẹ̀.

Ẹ tẹ̀ lé waya láti ẹ̀yìn dẹ́kódà dé ẹnu LNB, kí ẹ fi ọwọ́ tọ́ ọ. Nílé wa níbí, ibi àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ wò ni fèrèsé. Oníṣẹ́ tí kò fẹ́ lu ògiri á gba abẹ́ fèrèsé tó ń fà wọlé, ní gbogbo alẹ́ tí ẹ bá ti fa fèrèsé yẹn pa, ó ń tẹ waya náà fẹ́lẹ́. Lójú, ó lè dà bí ẹni pé kò ṣe é ní nǹkan kan. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí ó bá ti pẹlẹbẹ, tó rọ̀ bí ìfun, ó ti bàjẹ́ nínú. Ẹ tún wo abẹ́ àjà fún eyín eku, àti ibi tí waya ti gbára lé etí páànù.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá àsopọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ lọ́ pọ̀ tí wọ́n sì lẹ téèpù dúdú mọ́. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wulẹ̀ tún un lẹ̀. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ fi kọnẹ́kítọ̀ méjì àti ìsopọ̀ àárín rẹ̀ dì í, tàbí kí ẹ fa waya tuntun tí kò ní àsopọ̀ kankan. Ìyẹn ló dára jù.

Ẹ yọ kọnẹ́kítọ̀ ẹ̀yìn LNB, kí ẹ wo irin àárín rẹ̀. Ó yẹ kó máa dán bí kọ́bọ̀ tuntun. Bó bá dúdú, tàbí tí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bá ti bò ó, omi ti wọ ibẹ̀. Omi yẹn kì í dúró sójú kan. Ó máa ń gba inú irun waya rìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gé waya náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ máa fi dé ibi tí irun rẹ̀ ti ń dán. Bí ẹ bá gé e tó ìgbọ̀nwọ́ kan tó ṣì dúdú, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa so kọnẹ́kítọ̀ tuntun nìyí:

1. Ẹ fi abẹ gé awọ òde yípo, bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí ẹnu waya. Ẹ má jẹ́ kí abẹ wọlé jù.
2. Ẹ da irun waya padà sẹ́yìn sórí awọ. Gbogbo rẹ̀. Ẹyọ irun kan ṣoṣo tó bá kan irin àárín tó láti pa sígínà.
3. Ẹ gé rọ́bà funfun inú kúrò, kó ku irin àárín nìkan tó tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ má fi abẹ ha irin náà.
4. Ẹ ti kọnẹ́kítọ̀ wọlé, kí ẹ yí i títí rọ́bà funfun fi dé ìdí rẹ̀ nínú.
5. Ẹ gé irin àárín kó yọ jáde kọjá ẹnu kọnẹ́kítọ̀ ní mìlímítà méjì sí mẹ́ta. Bó bá kúrú, kò ní kan LNB. Bó bá gùn jù, ó lè ba LNB jẹ́ nínú.

Ẹ fi ọwọ́ dè é, kí ẹ fi sípánà fún un ní díẹ̀ sí i. Téèpù rọ́bà ló kàn: ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ipele òkè máa gorí ti ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń to páànù. Ẹ jẹ́ kí waya rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ LNB kó tó tún gòkè lọ síbi tó ń lọ, kí omi òjò lè kán síbẹ̀ dípò kó máa tẹ̀ lé waya wọlé.

Nípa rírà: waya tí wọ́n ń lò fún kámẹ́rà ààbò, RG59, jọ RG6 lójú, àwọn kan á sì tà á fún yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, bóyá ní Wuse lẹ ti ń rà á ni o tàbí ọjà Kubwa. Bí ẹni tó ń tà á ò bá jẹ́ kí ẹ gé ẹnu rẹ̀ wò, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Waya tí irun rẹ̀ fọ́nká, tí ẹ lè ka iye rẹ̀, kò dára.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi iná sí dẹ́kódà, kí ẹ wo nọ́ńbà. Bó bá ti ju ti orí ìwé lọ tí àwòrán sì dúró, iṣẹ́ ti parí. Ẹ má fọwọ́ kan díṣì rárá.

Ìpele 3: LNB àti ojú díṣì

Ẹ wo ike tó bo ojú LNB. Oòrùn máa ń jẹ ẹ́; bó bá ti sán, bó ti wù kó kéré tó, omi ń wọlé, ẹ pààrọ̀ LNB náà. Ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ọyẹ́ kúrò lójú rẹ̀. Ẹ má fi kẹ́míkà kankan fọ̀ ọ́. Bí agbọ́n bá ti kọ́lé sábẹ́ apá tó gbé e dúró, ẹ lé wọn kí ẹ tó gun àkàbà, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti wà lókè.

Ẹni tó ń lo Explora (irú dẹ́kódà DStv kan) gbọ́dọ̀ ṣọ́ra: LNB tirẹ̀ kì í ṣe ti gbogbogbòò, ẹnu waya tí wọ́n kọ Unicable sí ló sì ń lọ sí dẹ́kódà náà. Irú èyí tó wà níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ rà.

Díṣì fúnra rẹ̀ lè ti wọ́, pàápàá bí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ bá ti bà á tàbí tí ẹnì kan fi ṣe ìdìmú nígbà tó ń tún òrùlé ṣe. Ẹ na okùn méjì kọjá ojú rẹ̀ bí àgbélébùú, láti etí dé etí. Ó yẹ kí wọ́n fara kan ara wọn láàárín láìtẹ ara wọn. Bí àyè bá wà láàárín méjèèjì, díṣì ti lọ́. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni lù ú padà fún yín, kì í padà sípò bó ṣe wà.

Ìpele 4: Kí ló dí i lójú?

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń di ẹ̀bi ru ilé alájà tí wọ́n kọ́ sápá ìlà-oòrùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó bá onílé jà. Ní Àbújá, díṣì ń wo òkè ní bíi 55°, ìyẹn ga dáadáa. Ẹ wo iye mítà tí orí ohun náà fi ga ju díṣì yín lọ, kí ẹ fi 1.4 pín in. Ohun tó bá jìnnà sí díṣì ju iye yẹn lọ kò dí i. Ilé tó fi mítà 10 ga ju díṣì yín lọ gbọ́dọ̀ wà láàárín mítà 7 kó tó lè ṣe yín ní nǹkan kan.

Ohun tó sábà máa ń dí i ni èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an: táǹkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó irin lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé díṣì síbẹ̀, àti ẹ̀ka máńgòrò tàbí dóńgóyárò tó ti dàgbà sókè láti èṣí. Ewé tútù burú ju ewé gbígbẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí díṣì kan fi lè dára ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ kó tó bàjẹ́ nígbà òjò, tí ẹni tó ni ín á sì máa rò pé òjò ni.

*Àyẹ̀wò:* ẹ dúró sí ẹ̀yìn díṣì, kí ẹ wo apá tó kọjú sí, kí ẹ gbé ojú sókè ju ìdajì láti ilẹ̀ dé àtàrí lọ. Ojú ọ̀run nìkan ló yẹ kí ẹ rí.

Ìpele 5: Òpó

Kí òpó dúró ṣánṣán. Bó bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo dígíríì tí wọ́n kọ sára díṣì ti di irọ́. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wọn òpó náà ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Ẹ dì í mú, kí ẹ mì í. Bó bá mì, ẹ fún nọ́ọ̀tì ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun míì.

Ìpele 6: Yíyí díṣì

Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tí nọ́ńbà ò sì gòkè, ó kan díṣì wàyí.

Kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì kankan, ẹ fi máákà fa ìlà kan tó kọjá lórí òpó àti lórí irin tó di díṣì mú, kí ẹ sì fa òmíràn síbi tí ó ti ń gòkè-sọ̀kalẹ̀. Bí iṣẹ́ bá dàrú, ìlà méjì yẹn ni ẹ máa fi padà sílé.

Ibi tó yẹ kí díṣì wò fún 36° ìlà-oòrùn nìyí, nọ́ńbà àkọ́kọ́ fún kọ́ńpáàsì, ìkejì fún bó ṣe ga tó:

- Àbújá: 106°, 55°
- Lọ́kọ́ja: 104°, 55°
- Ìlọrin: 104°, 52°
- Kaduna: 109°, 55°
- Jos: 109°, 56°
- Kano: 112°, 55°
- Sokoto: 111°, 51°

Ìlà-oòrùn gangan ni 90°, nítorí náà ìlà-oòrùn tó yà díẹ̀ sí gúúsù lẹ ń wá. Bí ẹ bá ń lo kọ́ńpáàsì fóònù, ẹ jìnnà sí òpó irin àti páànù ní mítà méjì tàbí mẹ́ta, irin máa ń fà á ṣìnà. Ẹ wá àmì kan lọ́ọ̀ọ́kán ní apá yẹn, igi tàbí òpó, kí ẹ padà sídìí díṣì kí ẹ kọ ọ́ sí i. Bí kò bá sí kọ́ńpáàsì, mọ́sáláásí àdúgbò lè ràn yín lọ́wọ́. Kìblà ní Àbújá wà ní bíi 65°, ní Kano ó sún mọ́ 68°. Ẹni tó bá kọjú sí kìblà, tó wá yí sápá ọ̀tún ní bíi 40°, ti ń wo sátẹ́láìtì náà.

Ní ti gíga, ẹ fi nọ́ńbà kejì ti ìlú yín (55 ní Àbújá) lórí irin ẹ̀yìn díṣì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n. LNB díṣì tí a ń lò nílé kì í wà láàárín ojú díṣì, ìsàlẹ̀ ni apá rẹ̀ ti yọ jáde, nítorí náà díṣì máa ń wo òkè ju bó ṣe dà bí ẹni pé ó ń wò lọ. Àwọn tó dá a dùbúlẹ̀ kó lè "wo 55" lójú ti kọjá sátẹ́láìtì lọ bí ogún dígíríì.

Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó kan díẹ̀, kí díṣì lè yí ṣùgbọ́n kó má jábọ́ bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀tún-òun-òsì.

Ẹ yí i kékeré. Bí etí díṣì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90 bá yẹ̀ ní ohun tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan pàápàá, ó ti yẹ̀ ní dígíríì kan. Lókè lọ́hùn-ún níbi tí sátẹ́láìtì wà, ìyẹn ju 600 kìlómítà lọ. Ẹ yí i ní ìwọ̀n ìdajì ìbú ìka kékeré kan, kí ẹ dúró, kí ẹ ka ení títí dé àrún-ún kí nọ́ńbà lè wọlé. Dẹ́kódà máa ń lọ́ra. Ẹni tí kò dúró á kọjá sátẹ́láìtì náà, á tún padà kọjá rẹ̀, kò ní rí i.

Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó wà ní pálọ̀: kó má sọ pé "ó dára" tàbí "ó ti lọ". Nọ́ńbà nìkan ni kó máa pè lórí fóònù. "Ogójì. Ogójì. Àádọ́ta ó lé méjì. Ogójì ó lé márùn-ún." Ohun tí ẹ lè fi ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe fídíò WhatsApp, òun náà ń lọ́ra, ẹ ò ní mọ èwo lẹ ń dúró dè.

Bí nọ́ńbà bá ti ń gòkè, ẹ má dúró síbi tó ga jù. Ẹ kọjá rẹ̀ títí nọ́ńbà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í já, kí ẹ fi máákà sàmì síbẹ̀. Ẹ padà sí apá kejì títí yóò fi já tó bẹ́ẹ̀ náà, kí ẹ tún sàmì. Àárín àmì méjèèjì ni ilé rẹ̀. Ohun kan tó yà iṣẹ́ òjáfáfá sọ́tọ̀ sí ti "ó ṣáà ń ṣiṣẹ́" nìyí. Èyí tó wà létí á fi àwòrán hàn yín lónìí tí ojú ọ̀run mọ́. Àfi kí ìkùukùu ṣú díẹ̀ kó lọ.

Ẹ ṣe bákan náà fún òkè-òun-ìsàlẹ̀. Ẹ padà wá tún ọ̀tún-òun-òsì ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìkìlọ̀ kan lórí ẹ̀rọ kékeré tó máa ń dún tí wọ́n fi ń wá sátẹ́láìtì: kò mọ ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Sátẹ́láìtì Nàìjíríà fúnra rẹ̀, NigComSat-1R, tí wọ́n ń darí láti Lugbe níbí, wà ní 42.5°, kò jìnnà sí 36°, ó sì ń tan sórí wa. Ẹ̀rọ yẹn á dún fún un tayọ̀tayọ̀. Strength á kún, Quality á jẹ́ 0, ẹ ó sì máa bú dẹ́kódà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ojú díṣì sókè díẹ̀, kí ẹ yí i díẹ̀ sí apá ọ̀tún bí ẹ bá dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà dẹ́kódà ṣe adájọ́.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi ìka méjì tẹ etí díṣì jẹ́jẹ́ sápá kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níbi gbogbo, ṣe ló yẹ kí nọ́ńbà já. Bó bá gòkè níbì kan, ẹ ò tíì dé àárín.

Ìpele 7: Yíyí LNB lójú ara rẹ̀

Èyí ni àwọn oníṣẹ́ kánjú-kánjú máa ń fò. Ọ̀nà méjì ni sátẹ́láìtì ń gbà fi ìkànnì ránṣẹ́, ọ̀kan dúró, ọ̀kan dùbúlẹ̀, LNB sì gbọ́dọ̀ wà lọ́nà tó bá tirẹ̀ mu. Lọ́dọ̀ wa tó sún mọ́ ìlà àárín ayé (equator), tí sátẹ́láìtì náà sì wà ní ìlà-oòrùn, àwọn méjèèjì ti fì gan-an lójú wa: ní Àbújá, ó tó bíi 70°. Ẹni tó bá gbé LNB sójú òró bí ó ti wà nínú àwòrán àwọn ará Yúróòpù lè ní díṣì tó wo ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 0, tàbí kí ìdajì ìkànnì má wọlé.

Ẹ fi máákà sàmì sí ibi tó wà báyìí. Ẹ tú ìdìmú rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ yí LNB jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá dúró sẹ́yìn díṣì tí ẹ ń wo ojú ọ̀run, ọ̀nà tó lòdì sí ti ọwọ́ aago ló fì sí. Ẹ wá ibi tí nọ́ńbà ti ga jù pẹ̀lú ọgbọ́n àmì méjì yẹn náà. Ẹ sì rí i pé ẹ ò fà á síwájú tàbí tì í sẹ́yìn nínú ìdìmú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ wo ìkànnì bíi mẹ́wàá tó jìnnà síra wọn. Kí gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ìpele 8: Fífún nọ́ọ̀tì

Bí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì kan tán kí ẹ tó lọ sí èkejì, á fa díṣì kúrò níbi tí ẹ fi sí. Ẹ fún ti ọ̀tún díẹ̀, ti òsì díẹ̀, kí ẹni tó wà ní pálọ̀ máa pe nọ́ńbà lọ. Bó bá já, ẹ tú u, kí ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà máákà tuntun, kí ẹ nu ti àtijọ́ kúrò. Ẹ kọ nọ́ńbà tuntun sórí ìwé ọjọ́sí.

Ní ti òjò

Kò sí díṣì ilé tí òjò ńlá ò lè pa. Ìgbì tí sátẹ́láìtì yìí ń lò kúrú, kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ, ẹ̀kán òjò sì máa ń gbé e mì. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kó má tètè lọ, kó sì tètè padà. Díṣì tó wà láàárín gẹ́lẹ́ ń ṣe ìyẹn. Bí tiyín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ gbé e lọ sí 90, ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Àwọn ìjì oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, apá ibẹ̀ gan-an sì ni díṣì ń wò. Sígínà ti ń gba inú òjò kọjá kí ẹ̀kán kan tó bọ́ sórí páànù yín. Nítorí náà, bí àwòrán bá lọ nígbà tí ilẹ̀ àgbàlá ṣì gbẹ, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ kó aṣọ tí ẹ sá. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ waya kúrò lẹ́yìn dẹ́kódà kó tó sún mọ́ tòsí. Bí òjò bá dá tán tí àwòrán ò padà láàárín wákàtí kan, omi ti wọ ibì kan, ẹ padà sí ìpele 2.

Oòrùn náà máa ń ṣe tirẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta bá dé ìdajì, àti níparí oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń kọjá lẹ́yìn sátẹ́láìtì náà gan-an ní nǹkan bí aago mẹ́wàá sí mẹ́wàá àbọ̀ àárọ̀ ní Àbújá, ariwo rẹ̀ á sì bo sígínà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, fún ọjọ́ mélòó kan tó tẹ̀ léra. Ẹ má fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Bí ẹ bá wà nílé lásìkò yẹn, ẹ kàn jáde lọ wo díṣì: bí òjìji igi tàbí táǹkì bá bọ́ sójú rẹ̀, ẹ ti mọ ẹ̀ka tí ẹ máa gé.